Ìgbì inú ionosphere: kí ni rédíò ń rí lókè yẹn, kí ló dé táwọn èèyàn fi ń jiyàn lé e lórí?

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí àwòrán yẹn lórí fóònù yín: máàpù kan tó kún fún àwọ̀ pupa àti búlúù, tí òbìrìkìtì kan ń gbòòrò láti ojú kan, tó ń fẹ̀ lọ títí á fi kọjá orílẹ̀-èdè mẹ́ta mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá bá gbéra, tí ilẹ̀ bá mì tìtì níbì kan, tàbí tí oòrùn bá tutọ́ iná, irú máàpù bẹ́ẹ̀ máa ń jáde, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ á sì bá a rìn. Àwọn kan á ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ti lu sánmà. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ kan wà ní Alaska tó ń mi ilẹ̀. Àwọn míì á ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa mì báyìí, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, àmọ́ wọ́n ti pò ó pọ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe òótọ́ débi pé èèyàn ò mọ èyí tó máa dì mú. Ẹ jẹ́ ká tú u sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

## Kí ni ionosphere yìí gan-an, kí ló sì ń mì níbẹ̀?

Téèyàn bá gbéra nílẹ̀, tó ń lọ sókè, tó kọjá ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń fò, tó wá dé nǹkan bí 60 kìlómítà, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ gan-an níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ dé nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa ò rí, ìyẹn ultraviolet àti X-ray, ń lu àwọn átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́, ó ń já electron, ìyẹn èérún tíntín tó ń gbé iná mànàmáná, kúrò lára wọn, electron tó já yìí á wá máa rìn gbéregbère kó tó rí ohun tó máa lẹ̀ mọ́. Agbègbè yẹn ni ionosphere. Wọ́n pín in sí ìpele: D ló wà nísàlẹ̀, láti 60 sí 90 kìlómítà, E wà lórí ẹ̀ dé bí 150, F ló wà lókè pátápátá, ibẹ̀ sì ni electron ti pọ̀ jù, ní nǹkan bí 250 sí 400 kìlómítà. Tílẹ̀ bá ti ṣú, D á pòórá torí oòrùn ò sí níbẹ̀ láti máa já electron tuntun, àmọ́ F máa ń wà títí ilẹ̀ á fi mọ́ torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, electron kì í tètè rí ohun tó máa lẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú dáadáa, torí òun ló máa la gbogbo ìyókù yé yín. Ní ìpele F lójú ọ̀sán, electron ò ju bí ẹyọ kan lọ láàárín ẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù. Gbogbo ìyókù jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, rédíò ò sì lè rí afẹ́fẹ́ lásán níbẹ̀. Ìgbì tá à ń sọ yìí, lọ́pọ̀ ìgbà, inú afẹ́fẹ́ lásán yẹn ló ti ń ṣẹlẹ̀, electron kàn ń bá a lọ ni, bí ewé tó léfòó lójú omi ṣe máa ń lọ sókè sódò tí omi bá ru. Rédíò ń wo ewé, ó fi ń mọ ohun tí omi ń ṣe. Ewé ọ̀hún ò sì lómìnira tó bẹ́ẹ̀, torí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé ló ń darí electron, ọ̀nà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá là sílẹ̀ ló rọrùn fún un láti gbà. Ìdí nìyẹn tí ìgbì kan náà fi lè hàn gbangba níbì kan kó má sì hàn rárá níbòmíì.

## Látìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan wà lókè?

Ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá 1901, Marconi sọ pé òun gbọ́ sígínà ní Newfoundland tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Poldhu ní England. Òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàárín, ayé sì rí roboto, kò yẹ kí rédíò tó ń lọ tààrà lè débẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kennelly ní Amẹ́ríkà àti Heaviside ní England, láì gbìmọ̀ pọ̀, sọ pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà lókè tó ń dá rédíò padà wálẹ̀. Oṣù Kejìlá 1924 ni Appleton àti Barnett wá rí ẹ̀rí ẹ̀: ibùdó BBC ní Bournemouth ń yí frẹ́kúẹ́ńsì ẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí rédíò ń mì láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì ń gbọ́ ọ ní Oxford, wọ́n sì ṣírò bí ibi tí rédíò ti ń padà ṣe ga tó. Appleton gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947.

Ní ti ìgbì fúnra ẹ̀, ìparí àwọn ọdún 1940 ni Munro ní Ọsirélíà gbé ibùdó mélòó kan kalẹ̀ síbi tó jìnnà síra, ó wá rí i pé ìyípadà kan náà ń dé ibùdó kan ṣáájú òmíì, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń rìn kọjá lókè. Wọ́n wá ń wá ohun tó jẹ́ títí di 1960 tí Colin Hines ní Kánádà fi kọ̀wé pé ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ni. Lórí àlàyé Hines yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ òde òní ṣì dúró lé.

## Kí ló ń fa ìgbì náà?

Tí nǹkan kan bá ti afẹ́fẹ́ sókè, agbára òòfà ayé á fà á padà wálẹ̀, á kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tún tì í padà sókè, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tó fi máa tàn kálẹ̀. Gravity wave ni wọ́n ń pè é. Ẹ má pà á pọ̀ mọ́ gravitational wave o, ìyẹn ń wá látọ̀dọ̀ àwọn nǹkan ńláńlá tó ń kọlu ara wọn lọ́nà jíjìn nínú òfurufú, kò sóhun tó pa wọ́n pọ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ìròyìn ló sì ti ṣì wọ́n gbé.

Ibi tó ti ya èèyàn lẹ́nu ni pé ìgbì afẹ́fẹ́ yìí máa ń tóbi bó ṣe ń gòkè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, agbára tí ìgbì gbé dání ṣì wà níbẹ̀, nǹkan tó kù láti mì ti kéré, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé sùnámì tó kàn gbé omi òkun sókè ní sẹ̀ntímítà mélòó kan láàárín agbami, tí ọkọ̀ ojú omi tó wà lórí ẹ̀ ò tiẹ̀ ní mọ̀, lè mi afẹ́fẹ́ tó wà ní 300 kìlómítà lókè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà.

Oríṣi méjì làwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń dárúkọ jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tó tóbi gan-an, láti orí ìgbì kan dé orí ìkejì ju 1,000 kìlómítà lọ, ó ń sáré 400 sí 1,000 mítà láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹyọ ẹ̀ kan sì lè gba ìdajì wákàtí dé wákàtí mẹ́ta kó tó kọjá. Apá òpó ayé lókè àti nísàlẹ̀ ló ti máa ń wá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ aurora ti ń tàn, nígbà tí ìjì oòrùn bá mú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná lójijì. Ìkejì ni èyí tó mọ níwọ̀n, 100 sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà mélòó kan, tó ń rìn ní bí 100 sí 250 mítà láàárín sẹ́kọ́ǹdì, ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan ló fi ń kọjá. Èyí ò ní ìlú kan pàtó tó ti wá. Ìjì àrá lè fà á, afẹ́fẹ́ tó kọlu òkè gíga lè fà á, ààlà òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ tó ń yí ayé ká láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lè fà á, òṣùpá tó bo oòrùn náà lè fà á. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ 2017, wọ́n rí ìgbì tí òjìji òṣùpá ń tì síwájú ara ẹ̀ nínú GPS.

Ìyẹn ni pé ìgbì inú ionosphere kì í ṣe nǹkan àrà. Ojoojúmọ́ ló ń wà níbẹ̀. Téèyàn bá rí máàpù tó ń mì, pé ó ń mì nìkan ò tíì sọ nǹkan kan, ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni bó ṣe ń yára sí, apá ibi tó dojú kọ, ìgbà tó ń gbà láti kọjá, àti bóyá òbìrìkìtì ni àbí ìlà gbọọrọ.

## Báwo ni rédíò ṣe ń rí ohun tí ojú ò rí?

Èyí tó pẹ́ jù ni ionosonde. Ẹ̀rọ yìí ń ju rédíò sókè gbọnrangandan, á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1 MHz (ìyẹn mílíọ̀nù kan Hz, kó mì nígbà mílíọ̀nù kan láàárín sẹ́kọ́ǹdì), á máa gun un lọ dé bí 20 MHz, á sì máa ka àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà kó tó padà. Frẹ́kúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan máa padà níbi tí electron bá ti pọ̀ tó láti dá a padà. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ẹ mú iye electron tó wà nínú àpótí tó jẹ́ mítà kan lóòró, níbùú àti ní gíga, ẹ wá square root ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni frẹ́kúẹ́ńsì yẹn ní Hz. Tí electron ibẹ̀ bá jẹ́ tírílíọ̀nù kan, 9 MHz nìyẹn, rédíò tó bá sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ á gba ibẹ̀ kọjá lọ pátápátá. Tí ìgbì bá ń kọjá lórí ibùdó náà, gíga yẹn á máa lọ sókè sódò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibùdó kan ṣoṣo lè sọ pé nǹkan ń mì, kò lè sọ ibi tó ń lọ. Ó kéré tán, mẹ́ta lẹ máa nílò, kẹ́ ẹ wo èyí tí ìgbì kọ́kọ́ dé, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá fi ṣírò ìyára àti apá ibi tó kọjú sí.

Ọ̀nà kejì ni Doppler, èmi ò sì rò pé ọ̀nà míì wà tó rọrùn tó o tí iṣẹ́ tó ń ṣe sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ibùdó kan wà tó ń gbé frẹ́kúẹ́ńsì tí kì í yẹ̀ rárá jáde tọ̀sán tòru, torí aago átọ́ọ̀mù ló ń darí wọn: WWV ní Fort Collins ní Colorado wà lórí 5, 10 àti 15 MHz àti àwọn míì, CHU ní Kánádà náà wà lórí 3330, 7850 àti 14670 kHz. Nígbà tí rédíò yìí bá lọ lu ionosphere tó wá padà sílẹ̀, tí ibi tó ti padà bá ń gòkè lọ, frẹ́kúẹ́ńsì tẹ́ ẹ máa gbọ́ á dín díẹ̀. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀, á lé díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kéré gan-an. Ẹ jẹ́ ká sọ pé rédíò 10 MHz lọ sókè gbọnrangandan, ibi tó ti padà sì ń rìn ní mítà 10 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyípadà ẹ̀ ò ní pé Hz kan, bí 0.67 Hz ni. Ẹ̀rọ rédíò tí aago ẹ̀ dúró dáadáa á rí i ketekete, téèyàn bá sì ya á sórí ìwé láti àárọ̀ dé alẹ́, á rí ìlà kan tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ìgbì fúnra ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà yìí ló jẹ́ káwọn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níléèwé gíga lè wọ inú iṣẹ́ náà. Àwùjọ HamSCI, tí Nathaniel Frissell ti Yunifásítì Scranton dá sílẹ̀, kó àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá nílé jọ, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Grape tó ń tẹ́tí sí WWV. Wọ́n lò ó nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2023 àti lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin 2024. Ṣáájú ìyẹn, ní 2022, wọ́n ti gbé ìwé kan jáde tó fi hàn pé ìwé àkọsílẹ̀ táwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àwọn oníréédíò ìdárayá ń ṣe fúnra wọn, ta ló gbọ́ ta, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó, ti rí ìgbì ńlá kan lọ́jọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2017: ibi tó sún mọ́ jù tí rédíò 14 MHz lè balẹ̀ sí ń fẹ̀, ó ń sún mọ́, ó tún ń fẹ̀, léraléra. Kò sẹ́ni tó ń wá ìgbì lọ́jọ́ yẹn nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀nà kẹta ni GPS, òun náà ló ń bí àwọn máàpù aláwọ̀ tó ń káàkiri yẹn. Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè, ó ń fi sígínà ránṣẹ́ lórí 1575.42 MHz àti 1227.60 MHz. Ionosphere ń fa àwọn méjèèjì sẹ́yìn àmọ́ kì í ṣe bákan náà, èyí tó kéré ló máa ń pẹ́ jù lọ́nà. Téèyàn bá fi ọ̀kan wé ìkejì, á mọ iye electron tó wà lójú ọ̀nà láti sátẹ́láìtì dé orí ilẹ̀. TECU ni wọ́n fi ń kà á, ẹyọ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tírílíọ̀nù electron lórí ojú tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró, TECU kan sì tó láti mú kí GPS rò pé ọ̀nà fi bíi sẹ̀ntímítà 16 gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ìgbì tó wọ́pọ̀ kì í ju ìdá kan nínú mẹ́wàá TECU sí ẹyọ kan lọ, nínú gbogbo TECU tó lè tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Ní Jàpáàn, àwọn ibùdó GPS tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n ń pè ní GEONET lé ní 1,300, ibùdó kọ̀ọ̀kan ń wo sátẹ́láìtì bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo bí ojú tí wọ́n ní ṣe pọ̀ tó.

Àwọn rédà ńláńlá náà wà, bíi Jicamarca ní Pẹrú tó wà níbi ìlà àárín mágínẹ́ẹ̀tì ayé gan-an, EISCAT ní àríwá Yúróòpù, àti SuperDARN tó wà lápá òpó ayé méjèèjì. Arecibo ní Puerto Rico wà lára wọn tẹ́lẹ̀, àwo ẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 305 ló wó lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá 2020. Yàtọ̀ sí SuperDARN, àwọn yìí lè sọ bí electron ṣe pọ̀ sí ní ìpele kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè, èyí tí GPS ò lè ṣe torí àpapọ̀ ló máa ń kà, àmọ́ owó tí wọ́n ń ná lé wọn pọ̀, wọn ò sì pọ̀ láyé.

Ohun kan táwọn tó ń pín máàpù kì í sọ: máàpù yẹn kì í ṣe fọ́tò. Torí ìgbì kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo electron tó wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìyípadà ńlá tí oòrùn ń fà láti àárọ̀ sí alẹ́ kúrò kí ìgbì tó hàn, ẹni tó ń yọ ọ́ ló sì máa pinnu iye ìṣẹ́jú tó fẹ́ fi sílẹ̀. Tó bá mú èyí tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú 10, máàpù kan ló máa rí, tó bá mú wákàtí kan, òmíì ló máa rí, láti inú nǹkan kan náà. Ọ̀pọ̀ ìjiyàn tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

## Ṣé lóòótọ́ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lu sánmà?

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni ìgbì: rọ́kẹ́ẹ̀tì ń sáré ju ohùn lọ, ó ń ti afẹ́fẹ́, ìgbì sì ń jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ìkejì ni "ihò" táwọn èèyàn ń sọ. Èéfín rọ́kẹ́ẹ̀tì kún fún oru omi àti carbon dioxide, tó bá tú u sí ìpele F, àwọn ọ́síjìn tó ti pàdánù electron níbẹ̀ á gba àwọn nǹkan yìí mọ́ra, èyí tó ń jáde látinú ẹ̀ sì máa ń yára gba electron padà ju ọ́síjìn nìkan lọ. Electron á wá dín kù lójijì níbẹ̀, nígbà míì ìmọ́lẹ̀ pupa á hàn lójú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀ o, kò sí nǹkan kan tó ya, electron ló dín kù. Tí oòrùn bá yọ, á já òmíì, ibẹ̀ á sì kún padà.

Kì í ṣe nǹkan tuntun náà. Nígbà tí wọ́n gbé Skylab, ibùdó òfurufú Amẹ́ríkà, lọ sókè lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1973, wọ́n rí i tí electron dín kù gan-an lórí agbègbè ńlá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó gbé sátẹ́láìtì Formosat-5 láti Vandenberg ní California lọ sókè gbọnrangandan ju bí wọ́n ṣe sábà máa ń lọ, torí ẹrù ẹ̀ ò wúwo. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òbìrìkìtì ló yà sínú ionosphere dípò ìlà onígun, agbègbè tí electron ti dín kù sì fẹ̀ tó 900 kìlómítà, ó wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Starship fọ́ lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2023 ní nǹkan bí 150 kìlómítà lókè, àwọn onímọ̀ ní Rọ́ṣíà fi ìwé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e tó fi ibi tí ìgbì ẹ̀ dé hàn nínú GPS.

Àwọn tí kò rí i bí ewu ńlá sọ pé ó máa ń kún padà láàárín wákàtí díẹ̀, ìjì oòrùn kan ṣoṣo sì ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀, pàápàá àwọn tó ń fi rédíò wo ìràwọ̀, sọ pé ẹyọ kan lọ́dún kọ́ ló ń lọ sókè mọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbéra lemọ́lemọ́, apá ẹ̀ tó ń padà wálẹ̀ náà ń tan iná lókè kó tó já, ohun tó sì máa ń kún padà láàárín wákàtí mẹ́ta ò ní ráyè kún tí òmíì bá tún ti dé. Ìjiyàn yẹn ṣì ń lọ.

## Ṣé ìgbì yìí lè sọ fún wa pé ilẹ̀ fẹ́ mì?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú jù rèé. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mì, kò sí àríyànjiyàn, ionosphere máa ń mọ̀. Wọ́n ti rí i láti ìgbà ìmìtìtì ilẹ̀ Alaska ní 1964. Ilẹ̀ tó gbéra sókè lójijì á ti afẹ́fẹ́, ohùn tó kéré ju ohun tí etí lè gbọ́ á máa gòkè, á sì dé ìpele F láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ní Jàpáàn lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta 2011, nígbà tí ilẹ̀ mì débi tó jẹ́ 9.0 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀, GEONET rí òbìrìkìtì tó ń fẹ̀ látorí òkun, wọ́n sì lè ya oríṣi mẹ́ta sọ́tọ̀ nípa ìyára wọn nìkan: èyí tó ń bá ìgbì orí ilẹ̀ sáré ní bí kìlómítà mẹ́ta láàárín sẹ́kọ́ǹdì, èyí tó jẹ́ ohùn, àti èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú sùnámì.

Ṣáájú kí ilẹ̀ tó mì lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2011 yẹn kan náà, Kosuke Heki ní Jàpáàn kọ̀wé pé electron ti ń pọ̀ sí i lórí ibẹ̀ láti nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú ṣáájú, ó ní òun rí irú ẹ̀ níbi ìmìtìtì ilẹ̀ Chile ní 2010 náà. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ wo iye ẹ̀mí tó lè gbà là. Àmọ́ àwọn míì, lára wọn ni Kamogawa àti Kakinami, dá a lóhùn pé ìlà tó fi ṣe òṣùwọ̀n ló fà á: lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, electron dín kù fúngbà díẹ̀ lórí òkun ibẹ̀, téèyàn bá wá fa ìlà kan láti ìgbà tó ṣáájú dé ìgbà tó tẹ̀ lé e, tí apá ìparí ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó máa dà bíi pé nǹkan ti ń gbéra ṣáájú. Heki àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti tún fèsì, wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà, àwọn tí kò gbà ò tíì gbà. Títí di báyìí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń fi ionosphere kìlọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ti ń lò ó, irọ́ ló ń pa.

## Tí HAARP ńkọ́?

HAARP ni ẹ̀rọ Alaska tí wọ́n ní ó ń mi ilẹ̀ yẹn. Ó wà ní Gakona, Yunifásítì Alaska Fairbanks ló ń bójú tó o láti 2015. Ó ní àńtẹ́nà 180, agbára tó lè jù sókè jẹ́ mẹ́gáwáàtì 3.6, láàárín 2.7 sí 10 MHz. Lóòótọ́ ló ń mú electron gbóná lórí agbègbè kékeré tó wà lókè orí ẹ̀, wọ́n sì ti gbìyànjú láti fi dá ìgbì kéékèèké sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ nípa ẹ̀. Tí wọ́n bá ti pa á, ibẹ̀ á tutù padà láàárín sẹ́kọ́ǹdì sí ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbì tó ń wá látọ̀dọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ni, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mì, kò sì sí ọ̀nà tí electron tó fẹ́lẹ́ báyẹn lókè máa fi mi àpáta tó wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Máàpù táwọn èèyàn ń gbé kiri bí ẹ̀rí, tí wọ́n bá wo aago ẹ̀ dáadáa, ìgbì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì ni.

## Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ohun tó bá lo rédíò tó gba òkè yẹn kọjá tàbí tó padà láti ibẹ̀ ló kàn. GPS fóònù lásán lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ń darí katakata, tó gbọ́dọ̀ péye dé sẹ̀ntímítà, kì í fara dà á tí electron tó wà lórí ibùdó kan bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí katakata tó wà ní kìlómítà díẹ̀ sí i. Nígbà ìjì oòrùn ọjọ́ 10 sí 11 oṣù Karùn-ún 2024, tó jẹ́ irú ẹ̀ tó le jù látìgbà àwọn tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2003, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló dá iṣẹ́ dúró lásìkò ìgbìn torí katakata wọn ò mọ ibi tó wà mọ́. Ọkọ̀ òfurufú tó ń gba orí agbami tàbí òpó ayé ṣì ń lo rédíò HF, ìyẹn irú èyí tí ionosphere ń dá padà wálẹ̀, ìgbì sì ń gbé ohùn wọn lọ gbé e bọ̀. LOFAR, ẹ̀rọ tó ń fi rédíò wo ìràwọ̀ tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ wà ní Netherlands, máa ń rí ìràwọ̀ tó ń rìn kúrò lójú ibi tó wà tí ìgbì bá ń kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò ìyẹn kúrò kí àwòrán wọn tó dúró, àwọn tó ń kọ́ nípa ionosphere sì ń gba ohun tí wọ́n yọ dànù yẹn lọ́wọ́ wọn láti fi ṣiṣẹ́ tiwọn.

## Kí làwọn onímọ̀ fúnra wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí?

Ọ̀kan tó ti pẹ́ ni ti ìgbì alẹ́. Lápá àríwá ayé, àwọn ìgbì tó mọ níwọ̀n tó ń jáde lóru fẹ́ràn láti máa lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Tó bá jẹ́ ìgbì afẹ́fẹ́ nìkan ni, kí ló dé tí wọ́n fi ń gba apá kan náà? Láti 1973 ni Perkins ti sọ pé ìpele F fúnra ẹ̀ lè dàrú nítorí iná mànàmáná inú ẹ̀, láìsí pé nǹkan kan tì í láti ìsàlẹ̀. Ohun tó ti èyí lẹ́yìn ni pé wọ́n rí ìgbì kan náà lórí Jàpáàn àti lórí Ọsirélíà lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pé dígí wà láàárín, torí okùn mágínẹ́ẹ̀tì kan náà ló so ibi méjèèjì pọ̀. Àwọn tí ò fara mọ́ ọn pátápátá ní tẹ́ ẹ bá ṣírò ọ̀nà Perkins, ó lọ́ra jù láti dàgbà dé bí wọ́n ṣe ń rí i, nítorí náà nǹkan kan, bóyá ìgbì afẹ́fẹ́ tàbí ìpele E, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í.

Ìbúgbàù òkè ayọnáyèéfín Hunga Tonga lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní 2022 tún mú ọ̀rọ̀ okùn mágínẹ́ẹ̀tì yìí jáde. Ìgbì afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń sáré ní bí 310 sí 320 mítà láàárín sẹ́kọ́ǹdì, ó yí ayé ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ lórí Jàpáàn, ionosphere ti ń mì kí ìgbì afẹ́fẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ tó dé. Àlàyé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé ó ti kọ́kọ́ dé apá Ọsirélíà, iná mànàmáná tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ wá gba okùn mágínẹ́ẹ̀tì kọjá sí Jàpáàn.

Èyí tó kan ẹ̀mí èèyàn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti sùnámì. Nígbà tí ilẹ̀ tó jẹ́ 8.8 mì ní Kamchatka ní Rọ́ṣíà ní ìparí oṣù Keje 2025, GUARDIAN, ètò kan tí ilé iṣẹ́ JPL ti NASA ṣe láti máa ka GPS bó ṣe ń wọlé, rí àmì sùnámì náà nínú ionosphere kí omi tó dé Hawaii. Àwọn tó ń ti irú ẹ̀ lẹ́yìn sọ pé ibùdó GPS kan ní erékùṣù lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkun tó jìnnà sí i tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, níbi tí kò sí ẹ̀rọ míì. Àwọn tó ní ká rọra ń wo ọ̀pọ̀ ìgbì ojoojúmọ́ tó jọ ti sùnámì, wọ́n sì ń wo ìṣẹ́jú tí ìgbì fi ń gòkè: ibi tó sún mọ́ orísun, omi á ti dé kí ionosphere tó mì. Ní báyìí, èèyàn ló ṣì ń wo ohun tí GUARDIAN bá rí, àwọn ibùdó ìkìlọ̀ sì ṣì ń fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ilẹ̀ àti ẹ̀rọ DART tó wà nísàlẹ̀ òkun pinnu, ti rédíò kàn lè jẹ́ àfikún láti mọ̀ bóyá omi ti gbéra lóòótọ́ ni.